Ẹni Tí Wọn Kò Tíì Sọ Fún

Oyin kan ń rìn lórí ìpéǹpéjú ọkùnrin náà, kò sì ṣẹ́jú. Wiebke rí i. Kì í ṣe ẹni tó máa ń fojú fo nǹkan dá, ṣùgbọ́n ohun tó bá wá ló gbájú mọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà níwájú rẹ̀ tó fẹ́ yẹ̀ wò. Oyin tó ń rìn lójú onílé kì í ṣe ẹrù tirẹ̀.

Ilé náà ló kẹ́yìn ní abúlé kan ní pápá Lüneburg, ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí ọ̀nà ọlọ́dà ti parí tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù keje ni, oòrùn ń ta gidi, síbẹ̀ ẹ̀wù òtútù ni Bàbá náà wọ̀, ó di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ títí dé ọrùn. Wiebke wo ẹ̀wù náà lẹ́ẹ̀kan, ó sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù a máa mú àgbà nígbà gbogbo. Bàbá bu kọfí fún un, ó gbóná dáadáa. Ó bu tirẹ̀ sínú ife kejì, ó gbé e síwájú ara rẹ̀, kò fẹnu kàn án.

Pátákó ìkéde tó wà lẹ́nu ilé búrẹ́dì ni Wiebke ti rí káàdì Bàbá yìí. Kọ̀ǹpútà àlòkù, ó ṣì lágbára, kò wọ́n. Harm Brunkhorst, ilé tó kẹ́yìn. Òjò ti pa káàdì náà títí tí yíǹkì rẹ̀ fi ṣí. Ẹlòmíràn ì bá rò ó pé ọjà náà ti tà tipẹ́. Wiebke ní tirẹ̀ rò ó pé ohun tí kò tíì tà látijọ́, owó rẹ̀ á ti wálẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Wiebke Behrens ṣe rí. Kò sí òǹtàjà tó rẹ́ ẹ jẹ rí, á sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ kí o tó béèrè. Ní èbúté Hamburg ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù tí omi òkun bà jẹ́ wò, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ pé ìdí nǹkan ni èèyàn ń kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú rẹ̀. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ ra fíríìjì tàbí kẹ̀kẹ́, tàbí kí wọ́n mú àfẹ́sọ́nà wálé pàápàá, wọ́n á ní kí Wiebke bá àwọn wò ó ná.

Nítorí náà, ó dojú kọ̀ǹpútà náà délẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. Ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i, ó ń fetí sí ibi tí ìdérí ti so mọ́ ara rẹ̀ bóyá yóò ké. Kò ké. Ojú rẹ̀ fẹ̀, ìyẹn dára fún ojú arúgbó. Ó wúwo díẹ̀, ìyẹn náà dára, nítorí ohun tó bá fúyẹ́ jù a máa yọ̀ bọ́ lórí itan ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́tà tó wà lára bọ́tìnnì kò tíì pa rẹ́. Ó yọ wáyà iná, ó mu kọfí rẹ̀ tán pẹ̀lú sùúrù, bátìrì náà kò sì já a kulẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: fáànù inú rẹ̀ ń kùn. Á kùn sókè, á kùn sílẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ nǹkan kéékèèké tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, òórùn ìda oyin sì ń ti ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde.

"Eruku ni," Wiebke wí. "Màá fẹ́ ẹ jáde tí mo bá délé."

"Eruku kọ́," Bàbá dáhùn jẹ́ẹ́. "Ó ti bá mi wo oyin pẹ́ ni. Mo fi òṣùwọ̀n sábẹ́ ilé oyin kọ̀ọ̀kan lẹ́yìnkùlé. Láràárọ̀ màá jókòó síbí, òun á sọ fún mi bí wọ́n ṣe wúwo tó."

"Kí ló dé tí ẹ wá ń tà á?"

"Kò sí nǹkan tí mò ń wò mọ́. Látìgbà òtútù ni wọ́n ti ń lọ, agbo kan tẹ̀ lé òmíì. Ẹnikẹ́ni ò sọ ìdí ẹ̀ fún mi." Ó wo ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Nínú ilé yìí, wọn kì í sọ nǹkankan fún mi mọ́. Ọmọ mi wá síbí. Ó kọjá lára mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, kò kí mi."

Inú bí Wiebke. "Ọmọ burúkú mà nìyẹn o, Bàbá! Ẹ má dá a lóhùn jàre." Ó dùn mọ́ ọn nínú pé òun kò sí lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó sanwó, Bàbá kò kà á, ó kàn fi í sábẹ́ ìgò oyin tó wà lórí tábìlì.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Bàbá tó béèrè pé, "Ta lo rà á fún?"

"Ìyá mi ni."

"Ṣé ó mọ oyin?"

"Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe mọ èmi lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó wí. "Á mọ ohun tó yẹ kó ṣe."

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó gbé Wiebke dé ibẹ̀. Ìyá rẹ̀, Gesche, ń dá gbé ní òdìkejì igbó, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kú sí, òun àti oyin rẹ̀ nínú àwọn agbọ̀n koríko tí ọkọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ hun. Ìgbà òtútù tó kọjá ló ṣubú lẹ́nu abà igi ìdáná. Inú òjò dídì ló wà títí Alma Heitmann, aládùúgbò tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́, fi gbé búrẹ́dì wá tó sì rí i. Láti ọjọ́ náà ni Wiebke ti ń sọ pé kí Màmá wá sí ilé àwọn arúgbó ní Hamburg, níbi tí nọ́ọ̀sì wà tọ̀sán tòru.

"Tí o bá máa gbé mi kúrò níbí," Gesche wí, "mú ṣọ́bìrì dání."

Wọ́n jà, wọ́n parí rẹ̀, wọ́n ṣe àdéhùn. Láràárọ̀, ní àsìkò kọfí, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ rí ojú ara wọn. Ọjọ́ tí Wiebke kò bá rí ojú ìyá rẹ̀, ẹrù yóò di dídì nìyẹn. Fóònù kò lè ṣe é, nítorí inú dúrọ́ọ̀ ṣíbí ni Gesche máa ń fi tirẹ̀ sí. Ó ní ohun tó bá ń pariwo pe èèyàn kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà àlòkù yìí ni yóò sọ bóyá Gesche yóò lo ọjọ́ ayé rẹ̀ tó kù nínú ilé rẹ̀ tàbí láàárín àjèjì.

Nígbà tí Wiebke gbé e dé, ìyá rẹ̀ kò wo ojú rẹ̀, kò wo ìdí rẹ̀. Ìbéèrè kan ló bi í.

"Ilé ta lo ti rà á? Ṣé ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀?"

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni tó ra màlúù tàbí oyin ní pápá náà nìyẹn. Bí olórí ilé bá kú, ẹnìkan nínú ilé gbọ́dọ̀ lọ bá àwọn oyin, kó kan ilé kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì sọ fún wọn pé, ọ̀gá yín ti kú, lágbájá ni ọ̀gá yín báyìí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún wọn, wọn á lọ, tàbí kí wọ́n kú. Àwọn àgbà ìṣáájú a máa sọ fún màlúù náà, àní wọ́n ń sọ fún irúgbìn nínú àpò. Lówùúrọ̀ tí ọkọ Gesche kú, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ lọ kó tó pe dókítà.

"Màmá, kọ̀ǹpútà ni, kì í ṣe màlúù."

"Mo bi ọ́ ni."

"Ẹni tó tà á fún mi wà láàyè kedere. Ó fún mi ní kọfí mu."

Àárọ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Iwájú orí ìyá rẹ̀ nìkan ni Wiebke rí, lẹ́yìn náà ó rí àjà, lẹ́yìn náà ihò imú, kí Gesche tó mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó síwájú kámẹ́rà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí kọfí fi tutù.

Ní àárọ̀ kejì, fèrèsé kẹta ṣí lójú kọ̀ǹpútà náà. Wiebke wà nínú ọ̀kan, ìyá rẹ̀ wà nínú èkejì, ẹ̀kẹta sì jẹ́ yàrá ìdáná kan, tábìlì, ìgò oyin, àti àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ẹnìkan jókòó lórí àga náà, ó kẹ̀yìn sí wọn. Wiebke dá ẹ̀wù òtútù náà mọ̀.

"Bàbá yẹn ni," ó wí, kò tilẹ̀ gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Ó gbàgbé láti yọ ara ẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ náà. Tí mo bá dé lọ́jọ́ Sunday, màá bá a yọ ọ́."

Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ Sunday tó dé, Bàbá náà yíjú padà. Ó sún mọ́ wọn títí ojú rẹ̀ fi kún fèrèsé náà, oyin mẹ́ta ń rìn létí ẹnu rẹ̀. Kíkùn fáànù náà ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí Wiebke fi gbọ́ ọ láti Hamburg.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí oyin mi?"

Gesche gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. "Wiebke, ta nìyí?"

"Ẹni tó tà á fún wa ni. Harm Brunkhorst."

Nínú fèrèsé ìyá rẹ̀, nǹkan kan já lulẹ̀. Alma Heitmann ló wọlé, búrẹ́dì ló sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra bẹ̀rẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà náà, ó sì fọwọ́ bo ẹnu.

"Harm Brunkhorst wo?" ó wí lábẹ́ ọwọ́. "Ṣebí a ti sin ín nígbà òtútù. Mo jẹ kéèkì alábọ́tà níbi ìsìnkú ẹ̀. Gesche, ègé méjì ni mo jẹ!"

Wiebke kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wakọ̀ lọ sí ilé tó kẹ́yìn yẹn, ó ń sọ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé Brunkhorst méjì ló máa wà, àbúrò òkú ni, ìbejì rẹ̀ ni, nǹkan kan ni. Ilẹ̀kùn náà wà ní títì pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tó ti dípẹtà. Èsìsì ti hù dé itan lẹ́nu àtẹ̀gùn tó gbà wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sì sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ó yọjú láàárín pákó tí wọ́n fi kan fèrèsé. Ife méjì wà lórí tábìlì. Ọ̀kan ti gbẹ, àwọ̀ pupa tí Wiebke fi ń kun ètè wà létí rẹ̀. Èkejì kún dé ẹnu, ó ti bu. Owó rẹ̀ wà lábẹ́ ìgò oyin bí wọ́n ṣe fi í síbẹ̀.

Ó yí lọ sẹ́yìnkùlé, ó ti ọwọ́ bọ inú ilé oyin kan. Ó tutù. Òkú oyin tó ti gbẹ ló dà sí i lọ́wọ́.

Ẹ̀rù bà á. Ká má purọ́, ẹ̀rù bà á débi pé kò rántí bó ṣe dé ilé ìyá rẹ̀.

"Ẹ gbé e fún mi, Màmá. Inú odò Elbe ni màá jù ú sí."

Gesche di kọ̀ǹpútà náà mọ́ àyà. "O ò ní jù ú síbì kankan. O rà á dáadáa, ó lágbára. Àfi pé o fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, o ń pa làpálàpá. O yẹ bátìrì wò, o ò béèrè ẹni tó kú."

"Òkú ló tà á fún wa!"

"Òkú tí ò mọ̀ pé òun ti kú. Ìyẹn ò sọ ọ́ di èèyàn burúkú, wọ́n hùwà àìdáa sí i ni. Alma ní ọjọ́ tí wọ́n sin ín gan-an lọ́mọ ẹ̀ ti ilẹ̀kùn tó gba Bremen lọ. Kò dé ẹ̀yìnkùlé. Kò sọ fún oyin, kò sọ fún bàbá ẹ̀." Ó nu ojú kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú etí épíróònù rẹ̀. "Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún ọ, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Wiebke bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀. Ó sùn síbẹ̀, bí oorun bá jẹ́ orúkọ tí a lè pè é.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, Gesche wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó wé gèlè dúdú. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó ṣí i. Bàbá náà ti wà níbẹ̀, ó ń dúró. Gesche fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Harm Brunkhorst," ó wí, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, "ẹ ti kú. Ìgbà òtútù lẹ kú, wọ́n sì ti sin yín dáadáa. Èmi Gesche Behrens ni ọ̀gá oyin yín báyìí."

Kíkùn náà dáwọ́ dúró. Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù náà, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, láìkánjú, bí ẹni tó ti ibi jíjìn dé sílé.

"Ẹ ṣeun," ó wí. "Mo ti ń rò ó pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀."

Ó dìde, ó fi ẹ̀wù náà kọ́ ẹ̀yìn àga, ó jáde. Fèrèsé kẹta pa ara rẹ̀ dé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, agbo oyin kan gba orí igbó wá, ó ṣókùnkùn bí èéfín ilé tó ń jó, ó sì bà lé agbọ̀n koríko kan tó ti ṣófo láti ọdún tó kọjá. Gesche lọ bá wọn láìbojú, ó kí wọn káàbọ̀. Wiebke dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè sún mọ́ wọn.

"Wiebke," ìyá rẹ̀ wí láìyíjú padà, "nígbà tó bá kàn mí, má jẹ́ kí n wà bí ọkùnrin yẹn. Má lọ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Kan tábìlì, kí o sọ fún mi."

"Màmá, ẹ má sọ̀rọ̀ báyẹn."

"Ìwọ tí o máa ń sọ gbogbo nǹkan fún gbogbo ayé? Ìyẹn náà, sọ ọ́."

Wiebke ṣèlérí. Ìlérí kì í wúwo nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá ṣì jìnnà.

Láti ìgbà náà, Gesche kò pa àárọ̀ kan jẹ. Ó fi afárá tuntun han ọmọ rẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ó ṣòfófó Alma fún un, Alma náà yọjú láti ẹ̀yìn ó ní irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ilé arúgbó kò wáyé mọ́. Níbi iṣẹ́, Wiebke ń yangàn pé nínú gbogbo ohun tí òun rà láyé, kò sí èyí tó dà bíi kọ̀ǹpútà àlòkù yẹn. Òótọ́ ló ń sọ. Òdòdó elésè àlùkò bo pápá, ó rẹ̀, òjò dídì rọ̀, ó yọ́, òdòdó náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tanná.

Lówùúrọ̀ kan tí ooru ti mú kí oòrùn tó yọ, Wiebke ṣí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti jókòó síbẹ̀. Ẹ̀wù òtútù ló wọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé òtútù ń mú yín ni?"

"Díẹ̀." Gesche ń wo ọ̀nà yàrá rẹ̀, ojú rẹ̀ kò dùn. "Bá mi wo Alma yìí o. Ó wọlé láàárọ̀ yìí, ó kọjá lára mi báyìí, kò kí mi. Ó wọ yàrá mi lọ, ó wólẹ̀ síbi bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Mo ní, Alma, kí ló dé? Kò dá mi lóhùn. Kí ni mo fi ṣe é?"

Oyin kan ń rìn lórí ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò ṣẹ́jú.

Fóònù Wiebke bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú àpò rẹ̀. Ó yọ ọ́, ó rí orúkọ Alma, ó dojú rẹ̀ délẹ̀. Ó fẹ́ bú sẹ́kún, ó fẹ́ pa kọ̀ǹpútà náà dé. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ó ń retí èsì, bí ọmọdé tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì wá mú.

Wiebke na ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ìka kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta.

"Màmá," ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n, "ẹ ti kú. Ilé yín lẹ kú sí. Èmi Wiebke ni ọ̀gá oyin yín báyìí."

Gesche wo ọwọ́ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí bọ́tìnnì tó wà lọ́rùn.

"O ṣeun, ọmọ mi," ó wí. "Ṣé o ti sọ fún àwọn oyin?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún."

"Ó yá, dìde. Má jẹ́ kí oòrùn ṣáájú ẹ débẹ̀."

Wiebke mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ.